Ọ̀ṣọ́ Ọdún Lójúde Ilé: Ta Ló Ni Òfin Rẹ̀ ní Ìbàdàn?

Ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ yọjú, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ìmúra ọdún.

Ẹni tó bá ń wá ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo òfin ọ̀ṣọ́ ọdún wà nínú rẹ̀ máa wá a tì. Òfin náà fọ́n ká. Díẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí ayálégbé fọwọ́ sí, díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò, díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, díẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, ìyókù lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mọ èyí tó kàn án, òun náà la sì fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé: ẹ wo ohun tí ọ̀ṣọ́ náà kàn. Bó bá kan ògiri, onílé lẹ máa bi. Bó bá kan títì, ìjọba ló ni títì. Bó bá kan òpó iná, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá wọ yàrá aládùúgbò, aládùúgbò ti di ara àwọn tẹ́ ẹ máa bi nìyẹn, bí ilé tiẹ̀ jẹ́ tiyín.

Ká tún sọ ọ́ kó yéni: ọdún tí à ń wí kì í ṣe Kérésìmesì nìkan. Ní Ìbàdàn yìí, ọ̀ṣọ́ ń gorí ògiri fún Iléyá, fún Ìtúnu Ààwẹ̀, fún Màólúdì, fún ọdún tuntun. Imọ̀ ọ̀pẹ ń gorí géètì fún Kérésì, màrìwò sì ń so lẹ́nu ọ̀nà àwọn agboolé nígbà egúngún. Òfin tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí àwọn lọ́yà máa ń kọ fún ayálégbé sábà máa ń ní ìlà kan tó sọ pé kò gbọ́dọ̀ lu ògiri tàbí pa nǹkan dà lára ilé láìgba àṣẹ. Ẹ ka ìlà yẹn kẹ́ ẹ tó ra ìṣó. Nínú ilé yàrá ojúkojú, inú yàrá nìkan ni tiyín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, iwájú ilé, òrùlé àti fẹ́ǹsì jẹ́ ti onílé, gbogbo ayálégbé ló sì jọ ń lò wọ́n. Nínú fúláàtì, bákónì wà nínú ohun tẹ́ ẹ gbà, ṣùgbọ́n ara ògiri ìta kò sí níbẹ̀. Àṣẹ kò nira láti gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí onílé tàbí kéátékà lórí fóònù, kó lè wà ní àkọsílẹ̀: “Ẹ káàsán o, Bàbá. Mo fẹ́ fi iná ṣe ọ̀ṣọ́ sára irin bákónì wa láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní. Mi ò ní kan ìṣó. Mítà tèmi ni iná náà máa gbà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?” Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, ohun tẹ́ ẹ máa so ó mọ́, mítà tó máa gbé e: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà níbẹ̀, ìwọ̀nba onílé ló máa kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣó yìí kì í ṣe àṣejù onílé. Ìṣó tó gba inú páànù òrùlé kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni nígbà ọyẹ́. Ó di oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, omi ya àpá ròkòtò sí àjà, ẹni tó kan ìṣó náà sì lè ti kó lọ. Ẹ so okùn láílọ́ọ̀nù mọ́ irin ojú fèrèsé tàbí igi etí òrùlé, ẹ má lu ihò. Etí páànù fúnra rẹ̀ mú: bí wáyà bá gorí rẹ̀ lásán, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń mì í lọ mì í bọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti bó awọ wáyà, gbogbo òrùlé sì lè gbé iná. Ẹ la ègé rọ́bà páìpù omi, kẹ́ ẹ fi bo etí páànù náà kí wáyà tó gba ibẹ̀.

Lágbègbè Mápó, Ọjà-Ọba àti Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, nǹkan yàtọ̀ sí ti Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé kò ní fẹ́ǹsì, ojúde ilé kan ni ọ̀nà ilé kejì, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ti agboolé. Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ilé lẹ máa kọ́kọ́ bi. Ara ògiri àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, kì í gba ìṣó. Ìṣó kan lè ṣí ojú rẹ́rẹ́ tó fẹ̀ bí abọ́. Ẹ ri òpó igi méjì sínú agolo ńlá tẹ́ ẹ da kọnkéré sí, kẹ́ ẹ ta okùn ọ̀ṣọ́ sáàárín wọn.

Owó iná ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé tí wọ́n ti ń pín mítà. Ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, tí wọ́n fowó kún owó iná wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan ti ju 200 náírà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 210 ṣírò. Iná ọ̀ṣọ́ LED tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40 watt, bó bá ń tàn fún wákàtí 12 lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, á jẹ yúníìtì 14.4, ìyẹn nǹkan bíi 3,024 náírà. Bẹ́ ẹ bá ń pa á ní aago 11 alẹ́, tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré ló ń lò, yúníìtì 5.4 ló máa jẹ, owó rẹ̀ kò tó 1,200. Ṣùgbọ́n àwọn gúlóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 300 watt, á jẹ yúníìtì 108 ní wákàtí 12 lóòjọ́: 22,680 náírà. Tí ayálégbé mẹ́fà bá jọ ń ra káàdì, ẹni tó fẹ́ tan iná kó kọ́kọ́ ra yúníìtì tirẹ̀ sórí mítà, kó fi rìsíìtì rẹ̀ han àwọn ìyókù. Ìjà parí.

Ibi tí ẹ̀mí wà ló kàn, ẹ ṣe sùúrù fún wa níbẹ̀.

Wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣàn tí wọ́n kọ 0.75 sí lára kò yẹ kó gbé ju ámpù 6 lọ, nǹkan bíi 1,380 watt ní 230 folti. Iná LED kò lè dé ibẹ̀, àmọ́ èèyàn á ki iná ọ̀ṣọ́ bọ̀ ọ́, á tún ki fíríìjì, á tún ki gbohùngbohùn. Èyí tí wọ́n kọ 1.5 sí lára ni kẹ́ ẹ rà fún ìta. Ní Ògúnpa tàbí Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ họ ojú wáyà náà: bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kì í gbé iná tó ti kọ́pà gidi, ó sì tètè máa ń gbóná. Ẹ ṣí plug iná ọ̀ṣọ́ náà wò. Fíúsì ámpù 13 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ámpù 3 ló yẹ kó wà, torí pé kí wáyà tín-ín-rín yẹn tó já fíúsì 13, á ti jóná. Bó bá jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ká ẹ̀sítẹ́ńṣàn sí, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kíká máa ń gbóná láti inú wá títí á fi yọ́.

Ẹ wo géètì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fa wáyà gba abẹ́ géètì irin lọ síta, torí ibẹ̀ ló yá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì, irin á tẹ wáyà náà mọ́lẹ̀, á fà á díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹwàá awọ rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́. Nígbà tó bá yá, kọ́pà á kan irin, géètì á dúró jẹ́ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, iná á sì wà lára rẹ̀, títí ọmọ kan á fi fi ọwọ́ tútù dì í mú. Bíréékà lásán kì í sábà já nínú irú èyí, nítorí géètì tó ri sínú ilẹ̀ gbígbẹ kì í fa iná tó èyí tó máa já a. Oríṣi bíréékà kan wà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti ń jò, wọ́n á kọ 30mA sí i lára. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi sójú ọ̀nà iná tó ń lọ síta. Kí wáyà gba òkè òpó géètì, nínú páìpù funfun oní-20 míllímítà, kó má gba ilẹ̀ láéláé.

Oṣù Kejìlá gbẹ, àmọ́ Iléyá máa ń ṣíwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, ó sì ti wà nínú ìgbà òjò báyìí: ti ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Nítorí náà, iná tí kò ṣe yín ní nǹkan kan ní Kérésì lè ṣe yín léṣe ní Iléyá. Ẹ wo ara páálí rẹ̀. IP20 jẹ́ ti inú ilé nìkan. IP44 gba òjò tó ń ta sí i. IP65 gba omi tó ń dà lù ú. Bí kò bá sí ọ̀kankan lára páálí, ẹ kà á sí ti inú ilé. Ibi tí wáyà méjì ti pàdé kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀: ẹ gbé e kọ́ sókè, kẹ́ ẹ fi ike bò ó tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi lè kán sílẹ̀ dípò kó tọ wáyà wọlé. Tẹ́èpù dúdú ti oníṣẹ́ iná la fi ń dì í, sẹ́lótéèpù kò sí lára rẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ tútù kì í tètè gbiná. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan nínú ọyẹ́, ó ti di ìṣáná. Gúlóòbù tó ń gbóná kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Ìbàdàn ń fojú fò. Iná lọ ní ọ̀sán, ẹbí wọ mọ́tò lọ sílé, kò sẹ́ni tó rántí pé suwíìṣì iná ọ̀ṣọ́ ṣì wà ní títàn. Aago méjì òru, iná dé, ó sì máa ń dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ádápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú lè ti ibẹ̀ jóná, nínú ilé tí kò sí èèyàn. Kí òfin àdúgbò yín ní ìlà kan ṣoṣo lórí èyí: ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò, kó yọ plug iná ọ̀ṣọ́ kúrò lára ògiri. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, ẹ pa suwíìṣì àgbà ilé ná, ẹ má da omi sí ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná ṣì wà lára rẹ̀, iyanrìn tàbí ẹ̀rọ panápaná oní-páúdà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ pe 112, tàbí 615 tí í ṣe ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ó wá ku òpó iná. Kì í ṣe ti àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó dáwó rà á pàápàá, IBEDC, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ìbàdàn, ló ń bójú tó o. Okùn ọ̀ṣọ́, bánà, àsíá, kò sí èyí tó yẹ kó kan án. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn wáyà orí òpó kò ní awọ. Rìbọ́ọ̀nù tó ń dán yanranyanran ní irin nínú, báàlúù aláwọ̀ fàdákà náà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ lu wáyà méjì pọ̀, tíráńsífọ́mà lè lọ, àdúgbò á sì fi òkùnkùn ṣọdún. Ní ti wáyà gíga, 11,000 folti àti 33,000 folti, kò dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó lè fò gba inú afẹ́fẹ́ mú ẹni tó gbé àkàbà irin súnmọ́ ọn. Àkàbà igi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì wo òkè kẹ́ ẹ tó gbé e dìde.

Ní ti títì: ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, fi iná òpópónà àti àbójútó ìpolówó ìta sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà ní àyíká. Ẹ mọ tiyín, torí òpópónà míì wà tí apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, tí apá òsì wà nínú òmíràn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ta okùn ọ̀ṣọ́ kọjá títì, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, nítorí típà àti ọkọ̀ panápaná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kánópì sí ojú ọ̀nà, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yín, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ máa gbà dípò àti orúkọ ẹni tó máa dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kódà pẹ̀lú àṣẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 12 sílẹ̀ fún ọkọ̀ panápaná àti ti aláìsàn. Ẹ má gbá irin kánópì wọ inú ọ̀dà títì. Ihò tí irin yẹn dá ni omi òjò máa wọ̀, ibẹ̀ ni kòtò ọdún tó ń bọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Àpò iyanrìn mẹ́rin tàbí agolo kọnkéré máa dì í mú dáadáa. Ní ti àwọn ọmọ tó ń ta okùn dí ọ̀nà kí wọ́n lè gba owó ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, kò sí àdúgbò tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìyẹn, ẹ bá wọn wí.

Iná inú ọgbà yín tí kò ní orúkọ ọjà kankan kì í ṣe ìpolówó. Nígbà tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí àwòrán olóṣèlú bá ti wà lára bánà “Ẹ kú ọdún” tí wọ́n gbé kọ́ sára fẹ́ǹsì yín, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ ní kí ẹni tó gbé bánà náà wá mú ìwé ẹ̀rí owó ìpolówó wá, torí ẹni tó ni fẹ́ǹsì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ rí.

Nísinsìnyí, òfin tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ. Ohun tí ẹgbẹ́ àdúgbò lè ṣe ní ààlà. Ẹgbẹ́ kò lè wọnú ọgbà ẹni lọ já ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò lè gé iná rẹ̀. Owó ìtanràn kò dè ju ẹni tó fọwọ́ sí òfin náà lọ, ìdí nìyẹn tó fi dára kí onílé fi òfin àdúgbò mọ́ ìwé àdéhùn ayálégbé. Bí ẹnì kan bá kọ etí ikún, kí ẹnì kan lọ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ìwé akọ̀wé, lẹ́yìn náà ìpàdé, lẹ́yìn náà kóòtù. Ẹ má fo ìkankan.

Òfin tó dára máa ń wọn nǹkan, kì í wọn ẹ̀sìn. A bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìlú tí mùsùlùmí, kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́gúngún ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà ni Ìbàdàn, kò sì yẹ kí ìwé kan láti ẹgbẹ́ àdúgbò bà á jẹ́. Abala 38 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún gbogbo èèyàn ní òmìnira ẹ̀sìn. Bẹ́ ẹ bá kọ pé “a kò fẹ́ màrìwò lẹ́nu ọ̀nà”, ẹlẹ́gúngún nìkan lẹ mú. Bẹ́ ẹ bá kọ pé “ewé gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ju ọjọ́ méje lọ”, iná lẹ dènà, ó sì kan ẹni tó so imọ̀ ọ̀pẹ fún Kérésì náà. Ẹ kọ wákàtí: iná ìta kú ní aago 11 alẹ́, àfi àìsùn ọdún àti alẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an. Ẹ kọ ọjọ́: ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn, fún ọdún yòówù kó jẹ́. Ẹ kọ gíga, ẹ kọ wáyà. Ojú ìwé kan tó.

Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ yàrá ẹlòmíì, ẹ má fi ẹnu dá a. Kí alága, ẹni tó ń ráhùn àti ẹni tó ni iná jọ lọ dúró nínú yàrá náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n pa iná inú ilé. Bí òjìji wọn bá hàn lára ògiri, iná náà ti pọ̀ jù. Àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń rọrùn: ẹ yí ojú gúlóòbù sísàlẹ̀, ẹ gbé e sí abẹ́ etí òrùlé, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó máa ṣẹ́jú, kó dúró lójú kan. Èyí tó ń ṣẹ́jú ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn.

Ariwo ní òfin tirẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2009: aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìwọ̀n tó fàyè gbà ní ilé gbígbé ti máa ń lọ sílẹ̀. Ní ti bángà, òfin ohun abúgbàù ti wà láti 1964, ọlọ́pàá sì máa ń kìlọ̀ bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà gbà, tó wó ilé tó sì mú ẹ̀mí lọ, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé eré ọmọdé ni.

Títú ọ̀ṣọ́ palẹ̀ ló kù. Ẹ yọ plug kẹ́ ẹ tó gun àkàbà. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wáyà, ẹ ká a mọ́ páálí lọ́kọ̀ọ̀kan kó má lọ́ mọ́ra, ẹ sọ èyí tí awọ rẹ̀ bó nù, ẹ má fi tẹ́èpù bò ó de ọdún tó ń bọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, ẹ má sun ún lábẹ́ wáyà iná. Ọ̀rá, fóòmù àti rìbọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà, pàápàá lẹ́yìn Iléyá tí òjò ń rọ̀: ìlú tó rí omíyalé Ògúnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó tún rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mọ ohun tí gọ́tà tó dí lè ṣe. Kí ẹgbẹ́ bá àwọn akólẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú pé ẹrù máa pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n yan ọjọ́ kan, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ síta nínú àpò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má jẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ àti ajá máa tú u.